Kì Í Ṣe Gbogbo Làkúrègbé Ló Jẹ́ Ti Arúgbó

Òrùka ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìka tí òrùka náà wà wú débi pé ọṣẹ kò ràn án, òróró kò ràn án. Nígbà tí a rí i pé ìka náà ti ń pọ́n, a sáré lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ó sì fi ayùn kékeré gé òrùka náà kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dì í mọ́ igun ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbà. Èmi ni mo bá a dì í. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń jẹun o."

Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà náà, Ìbàdàn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣùkú tí kò ní tú kíákíá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ òrùka yẹn tí ó ti ń sọ fún wa pé bí òun bá jí, ṣe ni ọwọ́ òun máa ń gan bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í mọ́jú. Kò lè ṣí ìdérí ìgò omi. Kò lè fún aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ni ó ń bá a yí i. Tí ó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ọwọ́ á ti rọ̀, yóò sì dirun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdí nìyí tí gbogbo wa fi rò pé kò sí nǹkan kan.

Orúkọ kan fún àrùn púpọ̀

Màmá wa ní òtútù ló wọ̀ ọ́ léegun, pé omi tútù tí ó fi ń wẹ̀ láàárọ̀ ló fà á. Bàbá wa ní làkúrègbé ni, pé ìyá àwọn náà ní in kí wọ́n tó kú. Aládùúgbò kan tí ó rò pé òun ń ṣe wá lóore fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a má fọwọ́ lẹ́rán, pé ṣọ́ọ̀bù tó ń tà bí i ti ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàìní ọ̀tá. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá kò sì sàn jù wọ́n lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yín ló pọ̀ jù. Ẹ lọ sinmi."

Nígbà tí mo ronú sí i lẹ́yìn náà, mo rí i pé inú orúkọ ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìrora. A ní làkúrègbé, a ní aromọléegun, a ní àwọ́ká. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣàpèjúwe bí ìrora náà ṣe ń rí lára, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí wọn kò sọ ni ohun tí ó fà á. Orúnkún màmá àgbà tó ń ro wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀gá kan tó ṣàdédé wú lóru lẹ́yìn àsè, ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń gan láràárọ̀: làkúrègbé ni a ń pe gbogbo wọn. Bí àrùn mẹ́ta bá sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, oògùn kan náà ni a óò máa rà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣe. Ní ọdún 1800, Augustin Jacob Landré-Beauvais, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Paris, kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn Salpêtrière. Ó ṣàkíyèsí pé àrùn oríkèé tó ń ṣe wọ́n kò rí bí èyí tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀, síbẹ̀ ó ṣì kà á mọ́ àrùn gout. Ọdún 1859 ni Alfred Baring Garrod, oníṣègùn ní London, tó fún un ní orúkọ tirẹ̀: rheumatoid arthritis, èyí tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí RA. Garrod ti rí i pé èròjà uric acid máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní gout, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹni yìí. Bí àrùn náà ṣe kúrò lábẹ́ orúkọ àrùn mìíràn nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa, ohun mìíràn tún dí wa lójú. Ní ọdún 1968, Brian Greenwood, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé irú àwọn àrùn bẹ́ẹ̀, tí ara ti ń bá ara jà, ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn níbí. Ó dá a lábàá pé ó lè jẹ́ ibà àti àwọn kòkòrò afòmọ́ tó ń bá wa fínra láti kékeré ló fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé RA kì í ṣe àrùn tiwa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde nípa 200 aláìsàn àkọ́kọ́ tó ní RA ní ilé ìtọ́jú àrùn oríkèé kan ní Nàìjíríà. Àrùn náà wà láàárín wa. Orúkọ mìíràn ni a ń fi pè é.

Oògùn inú bébà

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òrùka, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn. A lo agbo tí a sè, a lo èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí, a lo ìpara tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ń kiri oògùn nínú ọjà fún un ní oògùn oníhóró tí ó dì sínú bébà funfun, láìní orúkọ, láìní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi jí, ó sì fún aṣọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú wa dùn. A fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí onítọ̀hún.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ojú ẹ̀gbọ́n mi ti rí rogodo, àwọn oníbàárà sì ń yọ̀ ọ́ lẹ́nu pé owó ti dé. Bí oògùn náà bá sì ti tán, ìrora náà á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé gbogbo àpèjúwe wa jọ ti àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, irú bí dexamethasone tàbí prednisolone. Oògùn gidi ni wọ́n. Láti ọdún 1948, nígbà tí Philip Hench lo irú wọn fún ẹni tó ní RA ní Amẹ́ríkà, ni a ti mọ̀ pé wọ́n máa ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀ kíákíá, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1950 nítorí rẹ̀. Dókítà ṣì ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n bí ẹní jẹ ẹ̀pà, láìmọ ìwọ̀n, lè kó ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti eegun tó rọrùn láti ṣẹ́. Ewu sì wà nínú kí ẹni tó ti lò wọ́n pẹ́ dá wọn dúró lójijì láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tí a kò bi í

Oṣù kẹjọ ni a tó dé iwájú dókítà àrùn oríkèé ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Kò kọ́kọ́ wo ìwé kankan. Ó gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì rọra fún ìdí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ta kìjí. Dókítà béèrè pé, "Bí ẹ bá jí láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ tó kí ọwọ́ tó rọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbójú sókè. Fún oṣù mẹ́jọ, ilé wa kún fún ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Nígbà tí ara bá ń bá ara jà

Ibi tí eegun méjì ti pàdé ni à ń pè ní oríkèé. Kerekere, ìyẹn eegun rírọ̀ tó ń dán, ni ó bo orí eegun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni ó tẹ́ inú oríkèé, òun ni ó ń sun omi tó ń yọ̀ bí òróró, tí ìka fi ń ká tí ó sì ń nà láìsí wàhálà.

Àwọn ọmọ ogun wà nínú ara wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà. Nínú RA, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ṣi awọ fẹ́lẹ́ náà mú fún ọ̀tá. Wọ́n kọlù ú. Awọ náà á wú, á nípọn, á máa gbóná, omi inú oríkèé á sì pọ̀ jù. Bí ó bá pẹ́, awọ tó ti nípọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kerekere, lẹ́yìn náà á kan eegun. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ìjà náà kì í sì í mọ sí oríkèé nìkan. Ó lè kan ojú, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, mílíọ̀nù 18 ènìyàn ló ń bá àrùn yìí gbé káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 wọn ló jẹ́ obìnrin. Ìdá 55 nínú 100 ló ti kọjá ọmọ ọdún 55. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tí kò tíì kọjá bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Àrùn náà kò ràn. Ohun tí a jogún lára òbí ní ipa díẹ̀ nínú rẹ̀, sìgá mímu sì wà lára ohun tó ń mú kí ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Omi tútù tí a fi wẹ̀ kò fà á. Irun dídì kò fà á.

Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀

Àmì kìíní ni gígan òwúrọ̀. Ara ẹnikẹ́ni lè wúwo díẹ̀ bí ó bá jí, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń gan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń rọ̀ bí a bá ṣe ń lò ó, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Àmì kejì ni pé ó sábà máa ń mú ọ̀tún àti òsì pọ̀. Bí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún bá ń ro, kì í pẹ́ tí ti òsì yóò fi tẹ̀ lé e.

Àmì kẹta ni pé oríkèé kéékèèké ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú: ìdí ìka, àárín ìka, ọrùn ọwọ́, àti ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń fi oríkèé tó sún mọ́ èékánná sílẹ̀.

Àmì kẹrin ni wíwú. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ oríkèé náà, yóò rọ̀, yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe kókó líle bí òkúta.

Àmì karùn-ún ni àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ, ara gbígbóná díẹ̀díẹ̀, àìlèjẹun dáadáa àti rírù. Ní ilé wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lo oògùn ibà fún ẹ̀gbọ́n mi nítorí èyí.

Bí irú wíwú yìí bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ṣe dúró mọ́.

Ẹ rántí pé àwọn àrùn mìíràn wà tó jọ ọ́. Oríkèé àgbàlagbà tí kerekere rẹ̀ ti jẹ sábà máa ń ro nígbà tí wọ́n bá lò ó púpọ̀, pàápàá orúnkún, gígan òwúrọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gout máa ń dé lójijì, ó sì fẹ́ràn àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń fa ìrora eegun, láti kékeré ni ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Yóò wo ọwọ́, yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò rheumatoid factor, anti-CCP, ESR àti CRP, ó sì lè ya àwòrán eegun. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Àwọn kan ní àrùn náà tí rheumatoid factor kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn tí wọn kò ní in.

Ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró

A kò tíì ní oògùn tó lè mú RA kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n a ní èyí tó lè mú kí ó sùn. Bí ó bá tètè sùn, oríkèé kò ní bàjẹ́ púpọ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ìbàjẹ́ eegun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, eegun tó bá sì ti jẹ kì í hù padà. Oògùn apàrora bí ibuprofen àti diclofenac ń dín ìrora kù, wọn kì í dá ìjà náà dúró, wọ́n sì lè dá egbò sí inú ẹni tó bá ń lò wọ́n ní àlòjù.

Methotrexate ni oògùn tí àwọn dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún àrùn yìí, kì í ṣe ojoojúmọ́. Àṣìṣe níbẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "ÀÌKÚ" sára páálí oògùn náà. Wọ́n máa ń fi folic acid kún un, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò látìgbàdégbà nítorí ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, paraga àti agbo tí a fi ọtí ṣe kò yẹ ẹni tó ń lò ó. Obìnrin tó lóyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá, ẹni tó bá sì ń gbèrò láti lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí oògùn mìíràn wà.

Oògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì bí ti inú bébà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jáwọ́. Ó ní, "Èyí tí a rà lọ́jà sàn ju èyí lọ." Ọkọ rẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó ṣí ìgò omi fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti ṣí i títí tí ọmọ rẹ̀ fi pariwo.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ẹni tó ní RA kò nílò kí a máa ṣàánú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó nílò kí a gba ohun tí ó bá sọ gbọ́. Ọwọ́ tí kò lè fún aṣọ ní aago méje lè gbé korobá omi ní ọ̀sán, èyí kò sì sọ ẹni tó ni ín di ọ̀lẹ. Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó kọ́kọ́ ń ki ọwọ́ bọ̀ láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń fọ aṣọ tó nípọn. Apá ni ó fi ń kọ́ báàgì, kò fi ìka gbé e mọ́. Ó ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ fún ìka, bí oríkèé bá sì ń gbóná, ó ń sinmi. Oníbàárà kì í wọlé mọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù.

Kò sí àní-àní pé ìtọ́jú náà ń gba owó àti sùúrù. Àmọ́ bí mo bá ṣírò ohun tí a ná sórí agbo, ìpara àti oògùn inú bébà, n kò lè sọ pé àìlówó ni ó dá wa dúró. Orúkọ tí a fún àrùn náà ni. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ díẹ̀, wọn kò sì ní nà mọ́. Bóyá wọn ì bá má tẹ̀ ká ní a tètè lọ.

Ó ti padà sídìí iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ti jó òrùka náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ni ó ń fi í kọ́ báyìí. Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan wá ṣe kòlẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi rí i nínú dígí. Ó dá òòyà dúró.

"Àbúrò mi, bí o bá jí láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ tó kí ọwọ́ rẹ tó rọ̀?"

Ọmọbìnrin náà yíjú padà. Ó ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún yín?"